Bàtà Tí Ó Ti Mọ Ẹsẹ̀ Ẹlòmíràn

                                        Ilé Alájà Mẹ́ta Olóyè Ọlálérè,
                                        Òkè-Ọ̀kà,
                                        Ọ̀kà-Àkókó,
                                        Ìpínlẹ̀ Òǹdó.
                                        Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún,
                                        oṣù kejì, ọdún 1998.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Hámzàt,

Èmi Olóyè Àgbà Joseph Ọlálérè, Alága pátápátá fún eré sísá ní gbogbo ilẹ̀ Àkókó, ẹni tí wọ́n ń dìde fún ní Ìkàrẹ́ tí wọ́n sì ń yà lọ́nà fún ní Ọ̀kà, ni mo fi gègé wúrà mi kọ ìwé yìí sí ọ. Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Rukayat kékeré ńkọ́, ṣé wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú? Mo gbọ́ pé ẹ̀fọ́rí dà ọ́ láàmú nígbà ọyẹ́, mo lérò pé ó ti lọ. Ọjà ńkọ́? Ṣé àwọn ará Àkúrẹ́ ṣì ń ra bàtà lọ́wọ́ rẹ, àbí ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n ń rìn? Ní tèmi, ara le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi lé akọ̀wé mi kúrò nídìí tábìlì, tí mo ní èmi fúnra mi ni n ó kọ ọ́. Bí o bá rí i pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi wọ́, má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu. Àwa olóyè kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ̀wé.

Bàtà ni mo fẹ́ kí o bá mi wá, bàtà eré sísá fún ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Limota. O mọ̀ ọ́n, ọmọ Àsàmáù àbúrò ìyá rẹ ni. Kò sí ọmọ ilé-ìwé girama kan ní ìlú yìí tó lè sá a mú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wó sínú. Bí ó bá ń sáré, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á máa tẹ̀ sí ara wọn bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àṣírí, orúnkún á sì tẹ̀lé wọn. Bí ó bá ṣe àlùwàlá tán tó gorí sìmẹ́ǹtì, o mọ̀ pé ipa ẹsẹ̀ tiwa máa ń ní àlàfo lágbedeméjì. Tirẹ̀ kò ní. Gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń tẹ ilẹ̀ pẹrẹsẹ bí ìdí áyọ́ọ̀nù. Má bi mí bí èmi ọmọ ìjọ ṣe débi àlùwàlá. Olóyè ń rí ohun gbogbo.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé Ìtúnu Ààwẹ̀, ìyá rẹ̀ rán òun àti àbúrò rẹ̀ Láwàl lọ sí ọjà Ìkàrẹ́, lọ́dọ̀ Ìbíyínká tí ń ta bàtà òkìríkà. Láwàl yìí, má jẹ́ kí n sọ púpọ̀. Ó ti jókòó ní kíláàsì kẹta lẹ́ẹ̀mejì, ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó máa sín ènìyàn jẹ. Ìbíyínká tú àpò, bàtà dà sílẹ̀. Láwàl mú ọ̀kan, ó fi àtàǹpàkò tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ lápá inú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí le bí igi, á dá ọgbẹ́ sí ọ lẹ́sẹ̀." Ó sọ ọ́ padà sínú òkìtì. Ó wá fa òmíràn yọ, ó funfun, ó rọ̀ bí búrẹ́dì àárọ̀. Limota wọ̀ ọ́, ó rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn aláta, ó padà.

"Láwàl, ó dà bí ẹni pé mo ti wọ̀ ọ́ rí."

Ìbíyínká rẹ́rìn-ín. "Bàtà mìíràn wà tó jẹ́ pé láti ọ̀run ni wọ́n ti wọn ẹsẹ̀ ẹni fún un."

Limota ní, "Ṣé kò wá tóbi díẹ̀?"

"Ṣé o kò ní dàgbà ni? Ki òwú sí i níwájú."

Bí wọ́n ṣe rà á nìyẹn. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹni tó dojú bàtà náà dé kó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin tí Limota ti ń fi í sáré sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè-Ọ̀kà lọ sí Ìwárò, ojúgun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún lápá inú. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó jókòó sábẹ́ fèrèsé yàrá àwọn tíṣà, ó ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀, ó sì ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun máa sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò tíì gbẹ́nu kúrò níbẹ̀ tí ohùn Tíṣà Zacchaeus fi jáde láti inú yàrá. O kò mọ Tíṣà Zacchaeus. Ará Arigidi ni, òun ló ń kọ́ wọn ní eré. Kó tó sọ̀rọ̀, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á wá fa orúkọ ènìyàn bí ẹni ń fa omi nínú kànga jíjìn. "Limotaaa. Ṣé o ti di ìyá àgbà ni? Ẹni tó bá sinmi lọ́jọ́ kan, mo fa orúkọ rẹ̀ yọ. Àwọn òbí mi kò bí mi láti máa tọ́jú arọ."

Limota dìde fùú, ó ní, "Ó ti yé mi, sà." Ó sì sá eré fún ọjọ́ mẹ́fà sí i.

Tíṣà Zacchaeus kò sí nínú yàrá náà. Ìkàrẹ́ ni wọ́n wà lọ́jọ́ yẹn, wọ́n lọ gba ṣọ́ọ̀kì. Láwàl ló wà níbẹ̀, tó ń gbálẹ̀ torí ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ìgbálẹ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, Limota ṣubú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò lè dìde. Ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé e lọ fún ìtọ́jú. Nọ́ọ̀sì ní egungun kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹran tó dì mọ́ ọn ti wú, kó má sáré fún ọ̀sẹ̀ méjì, bó bá sì tún fi irú bàtà yẹn sáré, egungun gan-an lè sán. Ní ìrọ̀lẹ́, Tíṣà wá kí i nílé.

"Ta ló ní kó o máa sá pẹ̀lú ẹsẹ̀ yìí?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ sọ ọ́ láti ojú fèrèsé."

"Èmi Zacchaeus?"

Tíṣà gbé bàtà náà sórí tábìlì. Bàtà kò dúró ṣánṣán, ó fara tì sínú bí ọ̀mùtí. Wọ́n ní kí gbogbo wa wò ó. Wọ́n ní ẹni tó kọ́kọ́ wọ bàtà yìí, ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà ń wó sínú, ó ti tẹ apá inú rẹ̀ pa kí wọ́n tó dì í sínú ọkọ̀ ojú omi. "Ìdí nìyẹn tó fi bá ọ lẹ́sẹ̀ mu. Ó ń bá ẹsẹ̀ rẹ wó ni." Wọ́n wá kọjú sí ìyá rẹ̀. "Ìyá, mo lè dúró de ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. N kò lè mú òpùrọ́ lọ sí Àkúrẹ́." Wọ́n fa orúkọ Limota yọ lójú wa.

Ìdíje eré sísá ní Àkúrẹ́ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹni tí wọ́n bá mú níbẹ̀, ìpínlẹ̀ ni yóò máa san owó ilé-ìwé rẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ yìí ni ìwé orúkọ ń lọ. Bí orúkọ Limota kò bá sí níbẹ̀, ọ̀dọ̀ aránṣọ kan ní Ikun ni ìyá rẹ̀ ti ní òun yóò mú un lọ. Láti ọjọ́ náà, ìyá kò bá a sọ ju "gbà" àti "jẹun" lọ. Limota ní kí wọ́n gbé Kùránì wá kí òun fi búra, ìyá ní kó má kó ẹ̀ṣẹ̀ lé ẹ̀ṣẹ̀. Láwàl dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó gbé ife omi dání.

Ẹ̀gbọ́n Hámzàt, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya ìwé yìí. Kò sí Olóyè Ọlálérè kankan. Èmi Láwàl ni. Mo mọ̀ pé ẹ ti ní ẹ kò ní ka lẹ́tà mi mọ́ láyé, láti Iléyá tí mo kọ̀wé ní orúkọ Lèmọ́mù pé wọ́n ti rí ìyàwó kejì fún yín, tí ẹ wọ agbádá onísítáàṣì wọ mọ́tò wá sí Ọ̀kà, tí ẹ kò bá ìyàwó kankan. Torí ẹ̀ ni mo ṣe di olóyè. Ó sì tún rọ̀ mí lọ́rùn láti fi ẹnu olóyè sọ ohun tí Láwàl ṣe.

Lánàá, mo lọ bá Tíṣà. Mo ní, "Sà, èmi ni mo sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé." Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Láwàl, o ti parọ́ fún ara rẹ tán, o wá ń pa á fún ẹ̀gbọ́n rẹ. O káre. Máa lọ." Mo búra, wọ́n ní ilé wa mà fẹ́ràn ìbúra. N kò kúrò níbẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní bó bá jẹ́ òótọ́, kí n wá láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọ̀la nìyẹn, kí n dúró nínú yàrá kan náà, kí n sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, kí Ọ̀gá Àgbà àti ìyá wa àti Limota dúró níta kí wọ́n máa gbọ́. Bó bá jẹ́ ohùn àwọn ló jáde, wọ́n á dá orúkọ Limota padà. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Àgbà ti kìlọ̀ fún mi tipẹ́ pé ìgbà kẹta tí mo bá sín tíṣà jẹ, kí n kó ìwé mi máa lọ. Ìgbà kẹta rèé. Bí mo bá ṣe é dáadáa, wọ́n á lé mi. Bó bá bàjẹ́ mọ́ mi lẹ́nu, òpùrọ́ ni Limota á máa jẹ́.

Òun kò tíì mọ̀. Wọ́n kàn ní kó wá sí ilé-ìwé ni. Lọ́sàn-án yìí, ó yọ ẹran inú ọbẹ̀ rẹ̀ fún mi, ó ní òun kò rí oúnjẹ jẹ. Mo jẹ ẹ́.

Ẹ bá wa wá bàtà náà, ẹ̀gbọ́n. Mo ti padà lọ sí Ìkàrẹ́ láti wá èyí tí mo ní ó le bí igi, àṣé òun gan-an ni ì bá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Ìbíyínká ní bíríkìlà kan ti rà á, ó fi ń po sìmẹ́ǹtì. Kó jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ rí. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí apá inú le ju apá ìta lọ. Tíṣà ní wọ́n sábà máa ń fi àwọ̀ eérú sàmì sí ibẹ̀. Ẹ fún gìgísẹ̀ rẹ̀ láti ẹ̀yìn, kó má wó. Bí ẹ bá lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ tó sì lọ́ tán, ẹ dá a padà. Síbẹ̀ kó rọrùn o, torí bí kò bá rọrùn lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, kò ní rọrùn mọ́. Mo fi bébà tí mo fi ya ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú ìwé yìí. Ìrọ̀lẹ́ ni mo yà á, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó fi ń sáré. Kó kù bí ìbú àtàǹpàkò kan níwájú, kí a má tún ki òwú. Ó yẹ kó máa fi í rìn kí ọ̀sẹ̀ méjì rẹ̀ tó pé.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, ẹ bá mi gbé Rukayat jó. Dẹ́rẹ́bà kan tí yóò lọ sí Àkúrẹ́ láti gáràjì Ìwárò láàárọ̀ ọ̀la ni mo fẹ́ fi ìwé yìí rán.

Láti ìgbà tí wọ́n ti kírun àsárì ni mo ti wà lẹ́yìn ilé, tí mo ń wá ohùn Tíṣà. Ohùn tó máa ń jáde láìpè, kò jáde. Ikọ́ rẹ̀ nìkan ló ń jáde, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ohùn tèmi á bọ́ síta, tín-ín-rín. Mo mọ̀ pé kí ìwé yìí tó dé ọwọ́ yín, ó ti ṣẹlẹ̀ tán. Síbẹ̀, ẹ bá mi ṣe àdúà kó jáde.

Èmi àbúrò yín ni, tí kò ní oyè kankan,

Láwàl Jimoh.