Ọ̀pá Géètì ní Ìdí Ọkọ̀

Ọmọ mi obìnrin ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ gẹ́gẹ́ bí bàbá ti í kí ọmọ tó wà lókèèrè. Mo gbà á ládùúrà pé ara rẹ le, pé ojú rẹ sì ń ríran fi okùn bọ abẹ́rẹ́. Ara tèmi náà le, bí a bá yọ ti orúnkún kúrò, nítorí òun kò gba ìbáwí.

Iṣẹ́ tí o rán dé ọwọ́ mi. O ní kí n fi irin tó lágbára sí ìdí ọkọ̀ wa kékeré àtijọ́, kí ó lè fa kẹ̀kẹ́ ẹrù tí yóò kó àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ dé ṣọ́ọ̀bù tuntun. Pé bí wọn kò bá dé kí oṣù tó parí, onílé yóò fi ṣọ́ọ̀bù náà fún ẹlòmíràn. Irin ti wà nídìí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò tíì kúrò nílé, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ fún ọ.

Jẹ́jẹ́, wẹ́dà wa, ni mo gbé iṣẹ́ náà fún. Ó rá wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi ìka kan páànù rẹ̀ kókókó, ó ní, “Alàgbà, ọkọ̀ yìí dàgbà jù mí lọ, ṣùgbọ́n kò ní egungun ẹ̀yìn. Bí a bá so ẹrù mọ́ bọ́ńpà, ọkọ̀ á lọ, bọ́ńpà á dúró ti ẹrù.” Ó fi ẹfun ya àwòrán sílẹ̀: irin kan yóò dábùú abẹ́ búùtù, apá méjì yóò nà láti ara rẹ̀ lọ síwájú títí dé ibi tí sípíríìnì ti gbé ọkọ̀ dúró, awẹ́ irin tó nípọn yóò sì wà nínú búùtù kí bóòtù tó dè é má baà fa páànù ya.

Irin ìdábùú ló ṣòro rí. Gbogbo èyí tó kó wá ló tẹ̀ lábẹ́ òòlù. Nígbà náà ni mo na ọwọ́ sí ọ̀pá tí ẹ̀gbọ́n mi olóògbé, ẹni tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Bàbá Géètì, fi ń ti géètì ní ìrọ̀lẹ́. Jẹ́jẹ́ wò mí. “Alàgbà, irin tó ti ń dá ènìyàn dúró látọjọ́ yìí lẹ fẹ́ kó máa fa ènìyàn lọ?” Mo dá a lóhùn pé irin kì í ní ìrántí.

Ìwọ náà kò lè gbàgbé ọjọ́ tí o kúrò nílé. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra wọn ni wọ́n gbé ọ̀pá náà kúrò fún ọ. Wọ́n dì í mú, wọ́n ń retí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ. O gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá láìsọ pé ó dàbọ̀. Láti ìgbà náà ni wọn kò ti ti géètì mọ́. Bí mo bá bi wọ́n, wọn a ní, “Ọmọ yẹn gbàgbé nǹkan kan. Ó ń bọ̀ wá mú un.” Orí ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n kú sí.

Nígbà tí Jẹ́jẹ́ jó ọ̀pá náà mọ́ abẹ́ ọkọ̀ tán, a kó òkúta kún kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ sì fà á yí àgbàlá ká bí ẹni ń ṣeré. Ṣùgbọ́n nígbà tí awakọ̀ tí o rán wá gbé e dé ẹnu géètì, tí kò sí ohunkóhun tí a so mọ́ ọn, ọkọ̀ dúró. Ẹ́ńjìnnì ń ké, táyà ń gbẹ́ ilẹ̀, ìdí ọkọ̀ sì rọra jókòó. Awakọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó wẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ wá yí padà. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ àgbàlagbà yẹn kí wọ́n fi irin sílẹ̀.”

Mo ní, “Àgbàlagbà wo?”

Ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ló fi lọ.

Jẹ́jẹ́ tún wá yẹ ohun gbogbo wò: bíréèkì kò há, táyà ń yí fàlàlà. Lójú eruku tó bo irin náà ni àmì àtẹ́lẹwọ́ méjì wà, wọ́n gbòòrò ju tèmi àti tirẹ̀ lọ. Ó fẹ́ fi iná gé e kúrò. Mo kọ̀. A kì í fi iná lé àgbà.

Nítorí náà, má ṣe rán awakọ̀ mìíràn. Ìwọ ni kí o wá. Dúró lẹ́yìn ọkọ̀, kí Bàbá Géètì dáadáa, sọ ibi tí ò ń lọ, kí o sì dágbére bí ọmọ tí a kọ́ nílé.

Kí Ọlọ́run ṣe ọ̀nà rẹ ní rere. Kí àlejò má wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù rẹ, kí abẹ́rẹ́ má gún ọ lọ́wọ́.

Èmi ni bàbá rẹ, ẹni tó kọ́ ọ ní ìkíni.

Àfikún: Nígbà tí mo kọ lẹ́tà yìí tán, mo kà á sókè lẹ́yìn ọkọ̀. Ìdí ọkọ̀ gbéra díẹ̀díẹ̀, bí àgbàlagbà tó ń dìde lórí àpótí nígbà tó gbúròó ẹsẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo ti sọ fún wọn pé ò ń bọ̀. Má sọ mí di òpùrọ́ lójú ẹ̀gbọ́n mi.