Àwọn Mẹ́gáàdì Kábéèjì Mi

Ajé, 5/10/1981
Ìyá Kọ́lá ọkọ mi dé láti Ìkẹ́rẹ́ lánàá. Kí ilẹ̀ tó mọ́ lónìí, wọ́n ti gbá gbogbo àgbàlá — títí dé ìdí kábéèjì mi! Koríko gbígbẹ tí mo tẹ́ síbẹ̀, wọ́n dáná sun ún. Inú koríko yẹn ni àwọn mẹ́gáàdì mi ń sùn: kòkòrò dúdú tó ń jẹ ìdin tó máa ń gé kábéèjì lulẹ̀. Inú ń bí mi! Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Ìyá ọkọ kì í ṣe ẹni à ń bá wí.

Ìṣẹ́gun, 6/10
Mo tún tẹ́ koríko mìíràn.

Ọjọ́rú, 7/10
Ọ̀gá Ìgbálẹ̀ ti gbá a. Orin ni wọ́n tún ń kọ sí i.

Ẹtì, 9/10
Ìlà kábéèjì kan gbáko ti dùbúlẹ̀, ìdin ti gé e ní ìdí. Kọ́lá sì ti búra: bí tọdún yìí bá tún kú, òun á da kọnkéré síbẹ̀ kí mọ́tò òun lè ríbi sùn. Mọ́tò! Èyí tí à ń tì láràárọ̀! Ilẹ̀ yẹn nìkan ló jẹ́ tèmi ní gbogbo Jos yìí.
Monica, tá a jọ ń kọ́mọ níléèwé, ní, "Haba! Sabóda kòkòrò?" Nítorí kòkòrò lásán, ó ní! Ẹni tó kàn ló mọ̀.
Ṣebí Kọ́lá náà rí i. Oṣù tó kọjá, mo fi mẹ́gáàdì kan àti ìdin kan sínú ìgò, mo gbé e hàn án. Ká tó jẹun tán, ìdin ti tán. Ó bi mí ibi tí wọ́n ń gbé. Mo mú un dé ìdí koríko.

Àìkú, 11/10
Ó ku kábéèjì mẹ́ta. Kọ́lá ní pẹ̀lẹ́. Ó ti bá bíríkìlà kan sọ̀rọ̀ ní àdúgbò Nasarawa. Pẹ̀lẹ́ kọ́, pẹlẹbẹ ni!

Ajé, 12/10
Típà já yanrìn láàárọ̀. Ara mi ò gbà á mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo bi Màmá ìdí tí wọ́n fi ń gbá ibẹ̀.
Ẹnu yà wọ́n. Wọ́n ní, ṣé èmi kọ́ ni mo rán Kọ́lá sí àwọn ni? Kọ́lá ní ẹ̀yìn ń dùn mí, kí àwọn má jẹ̀ẹ́ kí ewé kan ṣoṣo kù ní ìdí kábéèjì. "Ẹ̀yìn tèmi náà ń ro mí, ìyàwó mi. Ìwọ ni mo ṣe é fún."
Mo bú sẹ́kún. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń bú ìyá yìí sínú ìwé.
Kọ́lá mọ ilé àwọn mẹ́gáàdì mi. Èmi ni mo mú un débẹ̀.