Okùn Tó So Olùkọ́ Mọ́ Ẹ́ńjìnì: Ìrìn Ayé Baba Sunday Ọlálẹ́yẹ Fẹ̀hìntọlá (1950–2024)

Orí omi ni a bí Baba Sunday Ọlálẹ́yẹ Fẹ̀hìntọlá sí, nínú ilé onípákó ní Molutehin, ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní ọdún 1950. Fẹ̀hìntọlá apẹja ni bàbá wọn. Moríkẹ́, ọmọ Mahintedo, ni ìyá wọn. Ẹja ni ilé bàbá mọ̀, òwò ni ilé ìyá mọ̀. Ilé méjèèjì kò mọ ariwo.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1957, wọ́n sì kà á já. Àjẹ̀ ni wọ́n fi ń wa ọkọ̀ lọ, wọn a sì gbé àwọn ọmọ aládùúgbò sínú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ wọn kò kọjá ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ kí wọ́n ṣàròyé lórí rẹ̀.

Ní ọdún 1974, wọ́n gbé Mabel níyàwó. Àwọn méjèèjì kó lọ sí Zion Pepe, wọ́n sì kọ́lé sétí omi. Iwájú ilé náà ni Màmá ti ń ta àwọ̀n àti òwú. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ láàárín wọn, Baba a wa ọkọ̀ jáde, wọn a sì gbé ẹja wálé. Ìjà parí nìyẹn.

Ní ọdún 1979, Baba ra ẹ́ńjìnì àkọ́kọ́. Àwọn olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba àti òṣìṣẹ́ epo ni wọ́n ń gbé láti Igbókọ̀dá wá sí àwọn ìlú etí omi. Àlejò tó bá wọ ọkọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan kì í wá ọkọ̀ mìíràn mọ́. Nígbà tó di ọdún 1985, àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ wá kí Baba kọ́ wọn ní ọkọ̀ wíwà. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ tí a fi ń rántí wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà yóò rò pé ó rọrùn. Ṣáájú eré ìje ọkọ̀ ọdọọdún, a máa ń ri òpó sínú omi. Ní ọjọ́ Sátidé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa fi eré gidi wa ọkọ̀ yí àwọn òpó náà ká. Ẹ̀yìn ni akẹ́kọ̀ọ́ ń jókòó sí, ọwọ́ rẹ̀ wà lára ẹ́ńjìnì. Olùkọ́ wà ní iwájú ọkọ̀, ó kọjú sí i, ó kẹ̀yìn sí ibi tí wọ́n ń lọ. Kò ní ohun tí yóò fi dá ọkọ̀ dúró àfi ẹnu rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá sì ti ń ké, ẹnu kò wúlò mọ́.

Àṣà kan tún wà. Olùkọ́ kì í wọ jákẹ́ẹ̀tì tí ń múni léfòó. Tó bá wọ̀ ọ́, bí ẹni pé ó sọ fún àwọn òbí ọmọ náà ni pé òun kò fọkàn tán ọmọ wọn. Àwọn òbí a mú ọmọ wọn lọ. Wọ́n á ní ọmọ Ìlàjẹ wo ló ń bẹ̀rù omi?

Ní ọdún 1994, Jọọlá, ọ̀rẹ́ Baba tí wọ́n jọ ń kọ́ni, jókòó níwájú akẹ́kọ̀ọ́ kan. Ọmọ náà gé kọ́nà lójijì. Jọọlá fò ṣubú sómi. Ẹ̀rù ba ọmọ náà. Dípò kó pa iná ẹ́ńjìnì, ṣe ló tún fún un níná sí i. Ọkọ̀ yí po, ó padà wá bá Jọọlá pẹ̀lú abẹ ẹ́ńjìnì tí ń yí nínú omi. Bí Jọọlá ṣe lọ nìyẹn.

Níbi ìsìnkú, àwọn àgbà ní omi ló mú un. Baba dìde, wọ́n ní, “Omi kọ́. Àwa ni.” Wọ́n sì jókòó.

Ẹ́ńjìnì ní okùn kékeré kan. Bí a bá fà á yọ, ẹ́ńjìnì á kú. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í so ó mọ́ ara, wọ́n ń jẹ́ kó rọ̀ lára ẹ́ńjìnì lásán ni. Baba mú tiwọn, wọ́n so okùn àwọ̀n tó gùn mọ́ ọn, wọ́n nà án dé iwájú ọkọ̀, wọ́n sì so ìkángun rẹ̀ mọ́ ọwọ́ ara wọn. Bí olùkọ́ bá ṣubú, ẹ́ńjìnì á kú kí ara rẹ̀ tó kan omi. Wọ́n tún wọ jákẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó máa lọ.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ lóòótọ́. Waliyullah, alága àwọn awakọ̀ ní èbúté, dúró lórí afárá pákó lójú gbogbo ènìyàn.

“Ọlálẹ́yẹ, ta ló so ọ́ mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́?”

Baba dáhùn pé, “Ewúrẹ́ tí a so kì í sọnù.”

Èbúté rẹ́rìn-ín. Orúkọ ti dé: Baba Ewúrẹ́. Ní ọjọ́ Sátidé, àwọn ọkọ̀ mìíràn a kún, tiwọn a dúró létí ilé. Màmá ní, “Baba Tẹ́ní, ẹ kúkú jókòó tì mí, ká jọ máa ta àwọ̀n.” Baba ní, “Akẹ́kọ̀ọ́ mi ń dàgbà lọ́wọ́.”

Tẹ́ní, àkọ́bí wọn obìnrin tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó rí bí, ni wọ́n ń wí. Ní ọdún 2003, ó ti tó ọkọ̀ wà. Èrò kún orí afárá láti wo Baba Ewúrẹ́ àti ọmọ rẹ̀. Ní òpó tó kẹ́yìn, Tẹ́ní gé kọ́nà ju bó ṣe yẹ lọ. Baba fò jáde.

Ẹ́ńjìnì kú.

Ọkọ̀ rọra yí wá, ó sì dúró. Baba yọ orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ ẹ́ńjìnì gan-an, wọ́n gbé ọwọ́ lé e. Kò yí. Tẹ́ní ń sunkún. Baba ní, “Nu omijé nù. Fà mí sókè, ká tún un wà.” Wọ́n tún un wà.

Ní ọjọ́ kejì, Waliyullah wá sílé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gé okùn tèmi.” Màmá gé e fún un láti inú ọjà wọn. Baba ní kí okùn náà gùn díẹ̀ sí i, nítorí alága sanra.

Láti ìgbà náà, kò sí olùkọ́ kan ní èbúté wa tó jókòó níwájú akẹ́kọ̀ọ́ láìwọ jákẹ́ẹ̀tì, láìso okùn. Okùn ewúrẹ́ ni gbogbo wa ń pè é. Omi kò tún gba olùkọ́ kankan lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọ Jọọlá náà ń kọ́ni báyìí, tòun ti okùn lọ́wọ́. Ní ọdún 2016, Tẹ́ní gba ipò kìíní nínú eré ọkọ̀. Baba jó lọ́jọ́ náà.

Alàgbà ni wọ́n nínú ìjọ láti ọdún 1990. Àdúrà wọn kò gùn rí, ìjọ sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, àárẹ̀ dé. Ọjọ́ Sátidé ni. Wọ́n bi Tẹ́ní bóyá àwọn ọmọ ti jáde sómi. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. “Ṣé wọ́n so okùn?” “Wọ́n so ó, Baba.” “Ó dáa.” Wọ́n sùn. Wọn kò jí mọ́. Ẹni tó fi ẹ̀mí lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, orí ibùsùn ara rẹ̀ ló kú sí, omi kò sì kan ara rẹ̀.

Wọ́n fi Màmá Mabel sáyé lọ; pẹ̀lú àwọn ọmọ: Tẹ́ní, Goodluck àti Ọpẹ́fólúwa; àti àwọn ọmọ-ọmọ: Fadékẹ́mi, Gift àti Ọmọ́yẹlé.

Ọkọ̀ ni yóò gbé Baba lọ sílé ìkẹyìn. Tẹ́ní ni yóò wà á. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń tẹ̀ lé wa, ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì yín.

Baba Ewúrẹ́, ẹ tú okùn ọwọ́ yín. Ẹ ti gúnlẹ̀. Ẹ sùn ire.