Ìlà Ìsàlẹ̀ Ló Ń Kẹ́yìn

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Àdúgbò Ilé-Ìkàwé,
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Irọ́ ni mo pa fún ọ. Ọ̀gá Sípánà kò sọ pé kí o gbájú mọ́ ìránṣọ rẹ. Èmi ni mo hun ọ̀rọ̀ náà, tí mo fi sí i lẹ́nu nígbà tó ti padà sí Ṣáínà, tí kò sí nítòsí láti wí tẹnu rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ìkíni ló yẹ kó ṣáájú, ṣùgbọ́n mo mọ ara mi: bí mo bá kọ́kọ́ kí ọ, ìkíni ni n ó fi parí lẹ́tà. Ó yá, ṣé dáadáa lo wà? Orúnkún rẹ ńkọ́? Ṣé ọkọ rẹ ti jáwọ́ nínú títún rédíò tí kò bàjẹ́ ṣe? Ìkókó tuntun tí wọ́n ní ó gbé imú mi ńkọ́? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó gbé ìwà mi pẹ̀lú.

Jẹ́ kí n rò ó bó ṣe rí. Ní ilé-iṣẹ́ aṣọ tí a ti jọ ṣiṣẹ́, ìwọ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, èmi wà ní ọ́fíìsì, akọ̀wé tó ń so táì. Ọ̀gá Sípánà tó ń tún ẹ̀rọ wa ṣe a máa kọ́ wa ní àmì ọ̀rọ̀ Ṣáínà lásìkò ìsinmi ọ̀sán. O máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ tìrẹ sórí àjákù aṣọ, ìlà kan tẹ̀ lé ìkejì bó ṣe yẹ, àwọn èèyàn á sì pagbo wò ọ́. Èmi tí mo kàwé jù ọ́ lọ, tèmi dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ nínú ẹrẹ̀. Ó dùn mí. Lọ́jọ́ tí Ọ̀gá Sípánà ń lọ, o ò wá síbi iṣẹ́, ó sì fa ìwé kan lé mi lọ́wọ́ fún ọ. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ, nítorí náà abẹ́rẹ́ àti òwú ló yà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo tì í sísàlẹ̀ àpótí mi. Nígbà tí o gbọ́ irọ́ mi, o gbọn ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ nù, o ò sì kọ àmì kan mọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi lọ fún ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta.

Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ kíláàsì èdè Ṣáínà ní ilé-ìkàwé, mo sì forúkọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, tíṣà wa, ọmọbìnrin tó kéré sí àbíkẹ́yìn mi, ní kí n kọ “oko” sójú pátákó. Mo ya àpótí, mo dé e pa, mo wá fa àgbélébùú sínú rẹ̀: 田.

“Bàbá, ẹ ti ti géètì oko. Ibo lẹ fẹ́ kí àgbẹ̀ gbà wọlé?”

Mo ní, “Ṣé kò jọ ọ́ ni?”

“Ó jọ ọ́. Ó yá, ẹ kọ ọ́ kíákíá ká wò ó.”

Mo kọ ọ́ kíákíá, oko wó. Awakọ̀ kan tó jókòó lẹ́yìn ní, “Ẹ fi bàbá sílẹ̀ jàre, bàálù ni àgbẹ̀ tiwọn ń wọ̀ lọ sóko!” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Bí mo ti délé, mo ṣí ìwé rẹ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, àmì kan. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà pupa tirẹ̀. Ní ti oko, ìlà ìsàlẹ̀ ni ìkarùn-ún, òun ló ń kẹ́yìn. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ojú ìwé kan lójúmọ́, àmì kan ní ìgbà ogójì. Àbúrò mi, wá wo ọwọ́ mi lónìí! Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tíṣà lẹ iṣẹ́ mi mọ́ ògiri, ó ní kò sẹ́ni tó ń to ìlà bíi tèmi. Orí mi wú. Ó wá bi mí pé, “Bàbá, ta ló kọ́ yín?”

Mo ti la ẹnu láti sọ pé èmi ni mo kọ́ ara mi. Ohun tó jáde ni, “Àbúrò mi obìnrin ni. Ẹ ò tíì rí ọwọ́ tirẹ̀!” Inú mi dùn bí mo ṣe ń sọ ọ́, ó ju ti iṣẹ́ ara ògiri lọ. Awakọ̀ yẹn ní kí n mú ọ wá. Mo kó ìwé mi, mo gba ilé lọ, nítorí ẹni tí mo fi ń yangàn kò mọ ohun tí mo ṣe fún un.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti gbogbo ilé. Bí o bá bínú, o jàre. Ìdánwò wa ku ọjọ́ mẹ́wàá, ojú ìwé mọ́kàndínlógún ló sì kù tí mi ò tíì kọ́, ṣùgbọ́n mi ò da ìkankan kọ pamọ́. Ìwé náà ni mo wé pọ̀ mọ́ lẹ́tà yìí. Ìka mi ti dọ̀tí etí rẹ̀ díẹ̀. Fojú fò ó. Gbà á, tìrẹ ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó jẹ̀bi,
Akọ̀wé