Apá Tí Àwa Tún Kọ

Màmá mi,

Lọ́sàn-án ojoojúmọ́, mo máa ń gbé abọ́ oúnjẹ mi lọ sẹ́yìn ọ́fíìsì tí ilé ẹ̀kọ́ fi mí sí láti kọ́ṣẹ́. Màá nu àtẹ̀gùn kẹta, màá tẹ́ áńkáṣíìfù mi, màá jókòó. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára gan-an, ẹ má ṣèyọnu.

Ẹ bá mi yọ̀. A tún ètò kọ̀ǹpútà kan ṣe fún oníbàárà kan lókè òkun, irú èyí tí gbogbo ayé lè rí bí wọ́n ṣe kọ ọ́, tí wọ́n sì lè lò lọ́fẹ̀ẹ́. Nípàdé, ọ̀gá ní ohun tó wà ní gbangba kò nílò ìwé àṣẹ ìjọba ká tó fi ránṣẹ́ sókè òkun. Mo bá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, apá tó ń fi ọ̀rọ̀ àṣírí pa mọ́, àwa la tún un kọ. Ìyẹn ò sí ní gbangba."

Ọ̀gá wò yíká. "Ta ló sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni, sà."

"O ní ohùn báyìí, o wá ń fi pa mọ́ fún wa láti oṣù mẹ́ta?"

Agbẹjọ́rò iléeṣẹ́ ní díẹ̀ ló kù ká rú òfin, torí irú apá bẹ́ẹ̀ ò gbọdọ̀ kọjá sókè òkun láìgbàṣẹ. Òní ni ìwé àṣẹ dé, èmi ni wọ́n sì ní kí n fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́.

Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà, ẹ ní Dákẹ́jẹ́ẹ́ tí wọ́n ń pè mí ti lanu. Lọ́la, màá gbé abọ́ mi lọ sídìí tábìlì tí àwọn yòókù ti ń jẹun.