Awẹ́ Obì Tíṣà Àgbà

Ọjọ́ Ajé, 2 Okúdù 2025
Mo ti dé Òkè-Ìlá láti òkè òkun. Yorùbá nìkan ni mo fẹ́ fi kọ ìwé yìí. Àṣìṣe á pọ̀, àmọ́ ta ló ń kà á? Bàbá mi àgbà ti rù — Tíṣà Àgbà ni mo ń pè é níbí. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni. Àrùn Pakínsìn. Ọwọ́ ọ̀tún ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ohùn ti wálẹ̀ pátápátá. Síbẹ̀, láràárọ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, Bàbá Ọláoyè, ń wá. Wọ́n á pa obì kan, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á máa jiyàn lórí ìwàásù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Okúdù
Tíṣà Àgbà ò sùn mọ́jú. Obì ni! Káféènì wà nínú ẹ̀ bíi ti kọfí, ó ń lé oorun. Dókítà ti béèrè rí pé mélòó ló ń jẹ lóòjọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo kó gbogbo obì ilé pamọ́ sínú àpótí mi. Ó wò mí.

Ọjọ́rú, 4 Okúdù
Bàbá Ọláoyè dé. Mo gbé omi àti bisikíìtì wá. Ó wo àwo, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀.
"Dùnmínínú, obì ńkọ́?"
Mo ní kò sí.
"Ulé Tíṣà ni wọ́n ti ń sọ pé kò sóbì? Ó dáa o."
Kò fọwọ́ kan omi náà.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Okúdù
Bàbá Ọláoyè ò wá mọ́.

Ọjọ́rú, 11 Okúdù
Tíṣà Àgbà ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Oorun náà ò wá. Mo pe Àǹtí Fọláwùnmí, nọ́ọ̀sì ni, ní Ìgèdè. Mo ní bóyá àìjẹ obì lójijì ló fà á. Ó pariwo: "Ta ló ní kó o gbà á lọ́wọ́ ẹ̀? O ò lè kọ́kọ́ béèrè? Àlejò wá, o ò gbóbì fún un — o lé e nìyẹn! Wọn kì í kí àlejò níbi tó o ti wá ni?"
Mo sunkún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Okúdù
Mo lọ kúnlẹ̀ fún Bàbá Ọláoyè, obì lọ́wọ́. Ó ní òun rò pé ọ̀rẹ́ òun ni kò fẹ́ rí òun mọ́. Àìsàn a máa sọ èèyàn dà bẹ́ẹ̀. Mo ní èmi ni, àìmọ̀ ni. "Dìde. Ọ̀dọ̀ Tíṣà la ti máa pa á."
Tíṣà Àgbà gbójú sókè: "O pẹ́."
"Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí." Irọ́ ni.
Ọwọ́ ò jẹ́ kó lè pa obì, ó nà án sí mi. Àdúrà mi ò ju gbólóhùn kan lọ. Wọ́n ṣe àmín bí ẹni pé bíṣọ́ọ̀bù ló gbà á.
Ìgbà yẹn ni mo rí i. Tíṣà Àgbà gbé awẹ́ tirẹ̀ kan ètè — ó sì rọra sọ ọ́ sápò. Bàbá Ọláoyè kọjú sí fèrèsé títí ó fi ṣe tán.

Ọjọ́ Ajé, 16 Okúdù
Mo fẹ́ fọ aṣọ Tíṣà Àgbà. Àpò kún fún awẹ́ obì, ó ti gbẹ, ó le bí òkúta. Kò lè gbé e mì mọ́. Ó ti pẹ́.
Obì kọ́ ló ń lé oorun. Obì kọ́ ni mo gbà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 19 Okúdù
Ọsibítù. Dókítà tún béèrè: obì mélòó lóòjọ́? Mo lanu. Tíṣà Àgbà ṣáájú mi, ohùn ò fẹ́ẹ̀ jáde:
"Ọ̀kan. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi."
Mo sọ fún dókítà pé oúnjẹ ń há a lọ́fun. Ọ̀rọ̀ àpò, mi ò sọ ọ́.