Ojìlérúgba Obì àti Áyọ́ọ̀nù Ọ̀gá Mùtàlíbù

Òkè Baálẹ̀,
Òṣogbo.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹwàá, ọdún 1973.

Yèyé mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìhín o. Ara mi le koko, mo sì bẹ Ọlọ́run kí ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti san kí lẹ́tà yìí tó dé Ìbòkun. Cecilia, àbúrò mi, ìwọ tí o ń kà á sí wọn létí, rọra kà á, má fo ìlà kankan.

Yèyé, mo yege! Mi ò lè pa á mọ́ra di ìsàlẹ̀ ìwé. Ẹ kọ́kọ́ jó díẹ̀ ná.

Ẹ rántí pé mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò iṣẹ́ iná lẹ́ẹ̀kíní. Ibi tó yẹ kí n ti pín, mo sọ ọ́ di púpọ̀. Ibi tó yẹ kí n sọ di púpọ̀, mo pín in. Bàbá Òkè Baálẹ̀, àbúrò bàbá mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn, wá sọ pé bí mo bá tún fìdí rẹmi, kí n di ẹrù mi kí n máa lọ sílé. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Lọ́jọ́ ìdánwò kejì, Ọ̀gá Mùtàlíbù, olùkọ́ wa tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní rélùwéè rí, gbé áyọ́ọ̀nù oníná kan tí kò ní àkọlé lára síwájú wa. Wọ́n wọ̀n ọ́n lójú wa: agbára tó ń ti iná jẹ́ ojìlérúgba fóòtì, iná tó ń ṣàn nínú rẹ̀ jẹ́ áńpì mẹ́rin. Wọ́n ní kí a sọ bí ó ṣe ń dènà iná tó, àti iye iná tó ń jẹ. Ọkùnrin mẹ́rìndínlógún, èmi obìnrin kan ṣoṣo. Gbogbo òfin tí mo ti há sórí ló fò lọ.

Ni mo bá rántí abẹ́ àtíbàbà yín tí a ti ń ka obì gbàǹja, tí ẹ máa ń ní kí n kọ́kọ́ béèrè pé, “Ṣé wọ́n fẹ́ pín in ni, àbí olúkúlùkù ló ní tirẹ̀?” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa obì tí kò sí níbẹ̀ lórí tábìlì. Ọ̀gá ní, “Kí lò ń kà yẹn?” Mo ní, “Obì ni, sà.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Mo ní bí áńpì mẹ́rin bá pín ojìlérúgba, ọgọ́ta ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan; ìdènà náà jẹ́ ọgọ́ta óòmù. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ní ojìlérúgba tirẹ̀, ó di òjìdínlẹ́gbẹ̀rún wáàtì. Ọ̀gá kọ ọ́ sójú pátákó, wọ́n ní kí àwọn yòókù dà á kọ.

Oṣù tó ń bọ̀ ni n óò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Iléṣà, ìtòsí yín nibẹ̀. Bàbá Òkè Baálẹ̀ ti ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé àwọn mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Fọ́ọ̀mù iṣẹ́ náà béèrè orúkọ ẹni tó kọ́ mi ní ìṣirò. Mo kọ orúkọ yín gàdàgbà: Julianah Ọdúntán, Ìbòkun. Akọ̀wé béèrè ilé-ìwé tí olùkọ́ náà wà. Mo ní abẹ́ àtíbàbà ni. Ọ̀gá Mùtàlíbù, tí wọ́n wà níbẹ̀, gba bírò, wọ́n fọwọ́ sí i.

Ẹ ó pẹ́ fún wa, Yèyé. Ẹ ó jèrè iṣẹ́ ọwọ́ yín.

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
Morónkẹ́.

Àfikún: Cecilia, bí wọ́n bá ní kí o tún ibi fọ́ọ̀mù yẹn kà, má kùn o.